Èpò Tí Kò Kú

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó di èpò kan mú nídìí, ó fà á. Kò wá. Ó tún fà á, ewé já sí i lọ́wọ́, gbòǹgbò sì dúró sábẹ́ òkúta bí ọmọ alágídí tí wọ́n ní kó wá wẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí, ọ̀gá mi?" Sájẹ́ǹtì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò ni Sájẹ́ǹtì. Bó bá dúró síbì kan, oòrùn a yà fún un. "Baba Ọlọ́gbà ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun fín oògùn apakoríko sójú ọ̀nà ọkọ̀ yìí. Ẹ wo ilẹ̀. Láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, gbogbo ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Bí kò bá fín in síbí, níbo ni oògùn inú ìgò lọ? Inú oògùn ikọ́ Baba Eléyín ló dà á sí. Ẹjọ́ ti parí."

"Ẹjọ́ tó bá yára parí báyìí, inú mi kì í gbà á," Abẹ́rẹ́ fèsì.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń pè é, nítorí obìnrin kúkúrú, tín-ín-rín ni, ó sì ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fi hàn wọ́n pé kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó dìde, ó gbọn òkúta kúrò lórúnkún, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọ̀gá àgọ́ ti sọ pé tó bá di aago méjì ọ̀sán, òun máa gbé Baba Ọlọ́gbà lọ sílé ẹjọ́. Àgbàlagbà tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọ ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n tó rántí rẹ̀, irun tó kù lórí rẹ̀ á ti rẹ̀ dànù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ikọ́ mú Baba Eléyín, oníṣègùn eyín tó ti fẹ̀yìn tì, tó ni ilé ńlá yìí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ibi ìjẹun, ó mú ìgò oògùn ikọ́ rẹ̀, ó mu ṣíbí méjì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, kò mọ àbúrò rẹ̀ tí wọ́n bí lé e mọ́. Àwọn dókítà yẹ oògùn ikọ́ náà wò, wọ́n bá oògùn apakoríko nínú rẹ̀. Ọlọ́pàá wọ inú ọgbà, wọ́n rí ìgò oògùn apakoríko nínú ilé irinṣẹ́. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Baba Ọlọ́gbà ló ni ìgò, òun ló rà á. Wọ́n mú un.

"Jẹ́ ká lọ bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀," Abẹ́rẹ́ wí.

* * *

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó fún ọjọ́ méjì, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀."

Baba Ọlọ́gbà di irin àtìmọ́lé mú. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú bí iṣu tí òjò pa.

"Ẹ sọ ti èpò yẹn fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," Abẹ́rẹ́ ní.

"Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń fọwọ́ tu èpò ojú ọ̀nà yẹn. Lórí orúnkún. Ẹ ò lè roko sórí òkúta, ọkọ́ á máa ta. Ẹ máa fi ọ̀bẹ wá ìdí ẹ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi wo ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, 'Ó tó gẹ́ẹ́, lọ ra oògùn.' Mo rà á ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé e sílé irinṣẹ́. Ọjọ́ Ajé ni mo ṣí i, mo pò ó, mo fín in. Mo dúró ọ̀sẹ̀ kan. Èpò ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo pò ó kó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ńṣe ló tún dà bíi pé mo bu omi mu fún un."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ní irọ́ lẹ ń pa. Wọ́n ní ẹ ò fín nǹkan kan."

Bàbá náà wò ó títí. "Ọmọ mi, bí mo bá fẹ́ purọ́ fún ọlọ́pàá, ṣé irọ́ tí afọ́jú lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo máa pa? Mo kúkú lè sọ pé ẹ̀yìn ọgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, ni mo fín in sí. Mo ní mo fín in síbi tí gbogbo ayé ti ń rí i pé kò ṣiṣẹ́. Oògùn yẹn, ayédèrú ni! Ẹ lọ bi Ìyá Onírúgbìn tó tà á fún mi. Mo lọ bá a jà."

Nígbà tí wọ́n jáde, Sájẹ́ǹtì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ irọ́ tí afọ́jú lè fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn ti há sí i lọ́kàn.

* * *

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Onírúgbìn kún fún àpò irúgbìn, ọkọ́ tí kò tíì ní èèkù, àti àwọn ìgò oògùn oko tí wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. Kí Abẹ́rẹ́ tó parí ìbéèrè rẹ̀ ni obìnrin náà ti fọwọ́ gbá káńtà.

"Ta ló ní ayédèrú ni oògùn mi? Bàbá yẹn náà? Ó wá síbí ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pariwo lé mi lórí lójú àwọn oníbàárà. Mo ní, 'Bàbá, inú páálí kan náà ni mo ti mú èyí tí mo tà fún ilé ìwé tó dojú kọ wá yìí. Ẹ lọ wo pápá wọn, ó ti gbẹ kanrinkanrin bíi pé iná jó o!' Kò gbà."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ó dá yín lójú?"

"Ọjọ́ tí ọmọ mi ń sàìsàn ni, mi ò lè gbàgbé. Mà, ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó fẹ́ fi oògùn pa èèyàn, ṣé ó máa kọ́kọ́ wá bá mi jà pé kò pa koríko?"

Sájẹ́ǹtì tó ń wo àwọn ìgò káàkiri dáwọ́ dúró.

"Ó tún bi mí ní ìbéèrè kan tó yà mí lẹ́nu," Ìyá Onírúgbìn ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ṣí ìdérí ìgò kan, ó fi bébà dídán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀ hàn wọ́n. "Ó ní ṣé a máa ń já èyí kí a tó tà á ni. Mo ní rárá o, ẹni tó bá rà á ló máa já a. Ó ní tòun ti já nígbà tóun ṣí i."

Abẹ́rẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka tẹ bébà náà. "Bí wọ́n bá fín ojúlówó, ọjọ́ mélòó ló fi ń pa koríko?"

"Kì í pa á lójijì. Ọ̀sẹ̀ kan kí ewé tó pọ́n, ọ̀sẹ̀ kejì kó tó gbẹ."

Wọn ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí fóònù Abẹ́rẹ́ fi dún. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yẹ nǹkan wò fún ọlọ́pàá ni. Ó gbọ́ ọ, ó ní "Ẹ ṣeun," ó pa fóònù, ó dúró sójú kan.

"Kí ni wọ́n wí?" Sájẹ́ǹtì bi í.

"Ohun tó kù nínú ìgò Baba Ọlọ́gbà, oògùn kọ́. Omi lásán ni, tí wọ́n fi búlúù ìfọṣọ pa láró kó lè jọ oògùn."

Sájẹ́ǹtì yíjú padà wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti jáde.

"Ronú sí i," Abẹ́rẹ́ wí. "Ní Ọjọ́bọ̀, ojúlówó oògùn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ní Ọjọ́ Ajé, omi ni bàbá yẹn fín sórí èpò. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ẹnì kan já bébà ẹnu ìgò, ó da oògùn lọ, ó rọ omi aláró sí i. Ó mọ̀ pé Baba Ọlọ́gbà máa fín in títí ìgò á fi gbẹ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan dín níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé ojú ẹ̀, orí oní-nǹkan ló máa fọ́ lé. Gbogbo ẹ̀ ló rò tán. Ohun kan péré ni kò rò: pé èpò ò ní kú."

"Àwa wá ń fi èpò yẹn ti bàbá mọ́lé."

"Àwa ni. Wakọ̀, aago mọ́kànlá ti lù."

* * *

Àbúrò Baba Eléyín, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò tíì ní ọkọ rí, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti dàgbà, tó sì ti ń darúgbó lọ. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Abẹ́rẹ́ kò bá a jókòó. Ó kọjá lọ sí yàrá ìfọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó nàwọ́ sókè pẹpẹ, ó gbé páálí búlúù kan sọ̀kalẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ń lo èyí?"

"Èmi ni. Aṣọ funfun ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ń fọ̀. Kí ló dé?"

"Ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ibí àti ilé irinṣẹ́?"

Àǹtí yọjú lójú fèrèsé. Ilé irinṣẹ́ ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó wo páálí ọwọ́ Abẹ́rẹ́, ó tún wo ilé irinṣẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ sọ? Pé èmi? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá wa kú! Ẹ̀gbọ́n mi ló dirun fún mi lọ sílé ìwé, ọkùnrin! Àwọn ọmọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe ń dì í wọ́gọwọ̀gọ. Kí n wá fún un ní májèlé?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn yìí, ṣé ẹ máa ń tì í?"

"Ní ọ̀sán kọ́. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ ló ń gbabẹ̀."

"Ta ló wá sílé yìí láàárín Ọjọ́bọ̀ tí Baba Ọlọ́gbà ra oògùn sí Ọjọ́ Ajé?"

Àǹtí nu ojú. Ó rò ó. Oníná, ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá ní Sátidé láti tún iná kíṣìnì ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ Baba Eléyín, wá ní Ọjọ́ Àìkú láti bá a ta dráfù, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú láti ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ẹlòmíràn.

"Oníná àti Baba Eléyín, ṣé wọ́n rẹ́?"

"Wọ́n jà ní Sátidé yẹn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi ta ilé yìí, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àfi bóun bá kú. Oníná fi ìbínú ti ilẹ̀kùn títí gíláàsì fi mì."

Sájẹ́ǹtì tẹjú mọ́ ọ̀gá rẹ̀ bí ajá tó gbóòórùn ẹran.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ńkọ́?" Abẹ́rẹ́ bèèrè.

"Ẹ̀yin náà! Ìbejì ni wọ́n, ó kù kí ìyá kan bí wọn ni. Wọ́n jọ ní ilé ìtọ́jú eyín kan tẹ́lẹ̀, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó lọ máa kọ́ àwọn dókítà." Ó gba páálí búlúù náà, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. "Àmọ́ láti ìgbà díẹ̀, bí wọ́n bá ń ta dráfù, mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń kọ lẹ́tà kan. Ó ń kọ, ó ń fà á ya. Mo bi í pé ta ló ń kọ ọ́ sí, ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni."

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́, ó jáde sójú ọ̀nà ọkọ̀. Sájẹ́ǹtì ń sáré tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá mi, Oníná ni! Ó wá, ó jà, ó mọ ọ̀nà ilé."

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ. Ṣáà máa bá mi wo ilẹ̀."

Wọ́n rìn látẹnu géètì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ẹni tó sọ òrùka nù. Èpò tutù lápá ibí, ó tutù lápá ọ̀hún. Níbi tí àwọn àlejò máa ń gbé ọkọ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kíṣìnì, Abẹ́rẹ́ dúró. Láàárín ògiri àti ojú ẹsẹ̀ táyà, ibì kan wà tí kò fẹ̀ ju àwo ìgbóúnjẹ lọ. Níbẹ̀, èpò ti kú. Ó já ewé kan, ewé náà rún wómúwómú láàárín ìka rẹ̀.

"Èyí ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ojúlówó oògùn kán sílẹ̀ níbí. Ẹni náà fi ìgò kékeré kan gbé e dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé ìgò sílẹ̀ kó lè wá kọ́kọ́rọ́, ìgò dojú dé."

"Oníná máa ń gbé ọkọ̀ síbí."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń gbé e síbí. Wò ó." Abẹ́rẹ́ dúró lórí èpò tó kú náà, ó ṣe bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Bí ẹnu ọkọ̀ bá kọjú sí géètì, ẹ̀gbẹ́ ògiri níbí ni ilẹ̀kùn awakọ̀ máa bọ́ sí. Bó bá kọjú sí ilé, apá ọ̀hún ló máa bọ́ sí, lórí koríko. Torí náà, ẹni tó ń fi ẹ̀yìn wọlé ni mò ń wá. Pe àwọn méjèèjì. Sọ pé kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé ní aago méjìlá ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, bu omi sínú pọ́ǹpù tí bàbá yẹn fi ń fín oògùn, kí o sì lọ tọrọ búlúù lọ́wọ́ Àǹtí."

"Búlúù, ọ̀gá mi?"

"Búlúù. Má sì sọ fún un ohun tó wà fún."

* * *

Oníná ló kọ́kọ́ dé. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, wáyà ṣì yọ lápò rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ já wọlé kíá, ẹnu ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ilé kó tó dúró. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí koríko. Abẹ́rẹ́ ní kó gbé ọkọ̀ náà sún sẹ́yìn ilé, kí ẹlòmíràn lè ráàyè. Sájẹ́ǹtì tó wà lójú fèrèsé mí kanlẹ̀.

Ọkọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó rọra kọjá ibi tí àwọn àlejò ń gbé ọkọ̀ sí, ó dúró, ó yí ọrùn, ó sì fi ẹ̀yìn wọ àyè náà láìtún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu ọkọ̀ kọjú sí géètì. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, bàtà dúdú rẹ̀ tó ń dán bí dígí gúnlẹ̀ sáàárín èpò tó kú.

Abẹ́rẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí adájọ́ tí yóò ti èèyàn mọ́lé nítorí bó ṣe ń gbé ọkọ̀ síbì kan. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

"Ẹ ṣeun, Ìyáàfin. Báwo ni ara ọ̀rẹ́ mi?" Arúgbó tó gbayì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n, irun rẹ̀ funfun báláú, ohùn rẹ̀ tutù. "Mi ò tíì lè sùn látọjọ́rú."

"Kò tíì jí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí ná. Àǹtí, ẹ máa bọ̀ níta. Oníná, ìwọ náà." Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, Abẹ́rẹ́ gbé ohùn sókè. "Baba Ọlọ́gbà takú pé oògùn òun ò pa èpò. A fẹ́ fín èyí tó kù nínú ìgò rẹ̀ báyìí lójú gbogbo yín, ká lè mọ òótọ́. Sájẹ́ǹtì, ó yá."

Sájẹ́ǹtì gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Omi aró fín síwá, ó fín sẹ́yìn. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀. Lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí òkúta, ẹnu pọ́ǹpù yí, omi aró bà wọ́n látẹsẹ̀ títí dé ọwọ́.

"Yéè!" Àǹtí ká aṣọ sókè, ó sá wọ kíṣìnì, wọ́n gbọ́ tí omi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Oníná fò sẹ́yìn, ó ṣubú sínú òdòdó, ó sì ń bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ bíi pé iná ló jó o. "Ṣé o fẹ́ pa wá ni? Ohun tó gbé bàbá ìyàwó mi dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì lò ń fín sí wa lára yìí? Omi! Ẹ fún mi lómi!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò kúrò lójú kan. Ó wo ẹ̀kán aró tó wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó yọ áńkáṣíìfù lápò, ó rọra nù ún.

"Ẹ máa ṣọ́ra, Sájẹ́ǹtì," ó wí. "Ẹ ti ba bàtà mi jẹ́."

Omi ẹ̀rọ kíṣìnì nìkan ló ń dún. Abẹ́rẹ́ rìn sún mọ́ ọn títí orí rẹ̀ fi kan bọ́tìnì àyà ọkùnrin náà, ó gbójú sókè wò ó.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, dókítà ni yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ju gbogbo wa lọ ohun tí oògùn yìí máa ń ṣe fún ara èèyàn. Kí ló dé tí ẹ ò sá?"

"Àgbà kì í sáré bí ọmọdé."

"Àgbà kì í sáré. Àgbà tiẹ̀ lè rọra sún sẹ́yìn. Àgbà lè bèèrè omi."

Áńkáṣíìfù dúró lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Omi lásán ni, sà. Omi àti búlúù. Mo mọ̀, nítorí àwọn tó yẹ ìgò wò pè mí láàárọ̀ yìí. Sájẹ́ǹtì mọ̀, torí òun ló pò ó. A ò sọ fún ẹnì kẹta." Abẹ́rẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ̀yin?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ojú ọ̀nà. Ó wo géètì tí ọkọ̀ rẹ̀ kọjú sí. Sájẹ́ǹtì ti sọ pọ́ǹpù kalẹ̀, ó ti lọ dúró síbẹ̀, géètì kò sì hàn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wo inú ọkọ̀ yín," Abẹ́rẹ́ wí.

Rọ́bà ìtẹ̀lẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ náà. Mẹ́ta ti gbó. Èyí tó wà níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ tuntun nini. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ gbé e sókè, àbàwọ́n kan wà lára kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀, ó rí roboto bí ìdí ìgò.

* * *

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Abẹ́rẹ́ fi ìwé sórí tábìlì ọ̀gá àgọ́. Ọ̀gá àgọ́ kà á, ó hún, ó ní kí wọ́n tú bàbá náà sílẹ̀. Kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá a wá bàtà rẹ̀.

"Ta ni?" Baba Ọlọ́gbà bèèrè. Wọ́n sọ fún un. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ, ó mi orí títí. "Ẹni tó máa ń bi mí léèrè ẹsẹ̀ mi." Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan kan. "Oògùn yẹn, ṣé ojúlówó ni?"

"Ojúlówó ni nígbà tí ẹ rà á, bàbá."

"A jẹ́ pé màá lọ bẹ Ìyá Onírúgbìn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lọ́jọ́ yẹn, kò dáa."

Ní yàrá kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì. Kò tíì jẹ́wọ́. Abẹ́rẹ́ fa àga, ó jókòó níwájú rẹ̀, ó mú ápòòwé kan jáde. Àǹtí ló fún un ní kété tí wọ́n ń kúrò nílé. Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti rí i.

"Lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ yín kọ nìyí. Obìnrin kan ló kọ ọ́ sí."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n rọ̀ sórí ápòòwé náà, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. "Ìyá ọmọ yẹn ni," ó sọ níkẹyìn. "Ọdún méjìlélógún. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, eyín kan ṣoṣo la fẹ́ yọ. Èmi ni mo fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Mo ń kánjú, mi ò wọn ọ́n dáadáa. Kò jí. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ọkàn ni, ó ní ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi, iṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ bọ́. Ọdún méjìlélógún la ò sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó wá ní òun ń gbọ́ ohùn ìyá ọmọ náà lójú oorun. Ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ kóun tó kú. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ fún un, nídìí ọpọ́n dráfù níbẹ̀. Ó ní kí n má bẹ̀rù." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Kí n má bẹ̀rù! Gbogbo àwọn tí mo kọ́, gbogbo orúkọ mi. Ó fẹ́ fi gègé kan ṣoṣo pa á rẹ́."

"Ẹ ti ka lẹ́tà náà rí?"

"Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ sún un sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi sójú, ó kà á. Kò gùn. Abẹ́rẹ́ ti kà á nínú ọkọ̀, ó sì mọ ìlà tí ojú rẹ̀ ti máa dúró: *Mo fọwọ́ ara mi kọ irọ́ sínú ìwé ọmọ yín. Ohun tí ọwọ́ tèmi ṣe ni mo ń jẹ́wọ́. N kò ní dárúkọ ẹlòmíràn fún yín, nítorí ẹnu oníkálukú ló yẹ kó fi sọ tirẹ̀.*

Ó kà á tán. Ó yí ìwé náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan kù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Kò dárúkọ mi," ó wí.

"Kò dárúkọ yín."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Sájẹ́ǹtì yọ orí wọlé, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí Abẹ́rẹ́ létí, ó sì jáde. Abẹ́rẹ́ ń wọ̀n ọ́n bóyá kóun sọ ọ́. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì kọ́ ọ ní ìgbà tí òtítọ́ ń di ìyà lọ́tọ̀.

"Ó ti jí," ó sọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n di etí tábìlì mú. "Kí ló wí?"

"Kò tíì mọ nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ pè yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀."

Ọkùnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde. Abẹ́rẹ́ kò wí fún un pé kó má sunkún, kò sì wí pé kó máa sun ún. Ó dúró. Nígbà tó pẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n nu ojú, ó na ọwọ́, ó tọrọ bébà àti bírò.

Ó kọ ọjọ́ sókè ìwé náà. Ó sinmi. Abẹ́rẹ́ rò pé orúkọ Baba Eléyín ni yóò kọ́kọ́ kọ, àti ọ̀rọ̀ oògùn ikọ́. Orúkọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ló kọ, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀, láìṣi lẹ́tà kankan kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.